Ìbọn wo ló yẹ ọdẹ Ògbómọ̀ṣọ́? Ṣakabùlà, ẹlẹ́nu kan, ẹlẹ́nu méjì àti onílífà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ẹ kó ọdẹ mẹ́wàá jọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ bi wọ́n pé ìbọn wo ló dára jù. Ìdáhùn mẹ́wàá lẹ máa gbọ́, oníkálukú á sì fi Ògún búra lé tiẹ̀ lórí. Ìbéèrè tí wọn kì í sábà bi ara wọn ni pé: bí mo bá tàsé, níbo ni ọta yẹn ń lọ? Ọta tó ba ẹran, ara ẹran ló dúró sí. Èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ ẹran kọjá ló yẹ kó jẹ wá lógún, torí igbó tí àwọn bàbá wa dẹ kọ́ là ń dẹ mọ́. Ẹ jáde sí ọ̀nà Ìkòyí-Ilé tàbí ọ̀nà Ajáàwà, oko kajú lẹ máa bá, àbà lẹ máa bá, ọ̀nà tóóró tí ọ̀kadà ń gbà lóru lẹ máa bá.

Ohun tí mo fi ń díwọ̀n ìbọn nìyẹn. Owó ló tẹ̀ lé e. Ẹwà gbẹ̀yìn pátápátá.

Ìbọn mẹ́rin ni mo fẹ́ tò síwájú yín. Mẹ́ta nínú wọn wà nílé, a sì mọ̀ wọ́n: ṣakabùlà, ẹlẹ́nu kan, ẹlẹ́nu méjì. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ kò yéé fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ìyẹn ìbọn onílífà, ìbọn àwọn kábọ̀ì inú fíìmù, tí wọ́n máa ń fa irin abẹ́ rẹ̀ wálẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà sókè, tí ọta mìíràn á sì ti wọlé. Èmi náà ti yìn ín ní Texas. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé níbẹ̀ ra Marlin tuntun, ó sì ní kí n bá òun dán an wò ní pápá ìyìnbọn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí mo máa sọ kì í ṣe àgbọ́sọ.

Ṣakabùlà

Òun ni ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn. Alágbẹ̀dẹ àdúgbò lè tún un ṣe láàárọ̀ kí ẹ gbé e rìn nírọ̀lẹ́. Owó rẹ̀ kò ga, ọta rẹ̀ kò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ la ti ń kì í, ẹ̀tù, èkísà, ọta, èkísà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀pá. Ọdẹ tó yára jù lọ pàápàá, ó máa pẹ́ kó tó kì í tán lẹ́ẹ̀kejì, ẹtu tó sì ti gbúròó ìbọn àkọ́kọ́ kò ní dúró dè é.

Àsìkò òjò ni ẹjọ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ̀tù a máa fa omi sára. Ẹ fà á, òòlù lu kápù, irin kékeré tó ń tanná sí ẹ̀tù, ó ta kẹ́ẹ́, kò dún. Ẹni tí kò ní sùúrù á yí ẹnu ìbọn sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kó lè wo ohun tó ń ṣe é, ìgbà náà gan-an ni iná tó ti ń jó díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ máa débi ẹ̀tù. Bí ó bá ṣe yín báyìí, ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ ṣì kọjú sí ibi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀, kí ẹ dúró, ó kéré tán, fún ìṣẹ́jú kan gbáko kí ẹ tó mú un kúrò léjìká.

Ìṣòro kejì ni àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù. Àtẹ́lẹwọ́ ta ni? Ti géńdé ọkùnrin kọ́ ni ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ọdẹ. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ ju agbára irin lọ, ìbọn á bẹ́, pàápàá èyí tí wọ́n fi páìpù omi ṣe ẹnu rẹ̀, torí ẹni tó ṣe páìpù omi kò fi iná sọ́kàn. Àwọn ọdẹ tí ìka ọwọ́ òsì wọn kò pé márùn-ún mọ́ wà láàárín wa, ẹ bi wọ́n.

Ní ti ọta tó tàsé, ẹ̀ṣẹ̀ ṣakabùlà kò pọ̀. Ọta rẹ̀ kì í rí róbótó dáadáa, kò sì pẹ́ tí afẹ́fẹ́ fi ń gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó burú ni pé kò sẹ́ni tó lè sọ ọ̀nà tó máa gbà. Lónìí ó ṣù pọ̀, lọ́la ó fọ́n káàkiri, èéfín á sì bò yín lójú, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ títí ẹ ó fi fẹsẹ̀ rìn débẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo wà tí kò sí ìbọn tó lè gba ipò rẹ̀: òde ọdẹ. Nígbà tí a bá ń ṣípà ọdẹ tàbí tí a bá ń ṣọdún Ògún, ẹ̀tù lásán la fi ń yìn ín, ariwo àti èéfín la sì ń fẹ́. Síbẹ̀, ẹnu ìbọn gbọ́dọ̀ wà lókè, kò gbọdọ̀ kọjú sí èrò, torí èkísà tó bá iná jáde lè ṣe ẹni tó wà nítòsí léṣe gidi.

Ẹlẹ́nu kan àti ẹlẹ́nu méjì

Ibí ni ìpinnu gidi wà fún ọdẹ tó ń gbé nílé.

Ẹnu 12 ló pọ̀ jù nínú àwọn méjèèjì. Nọ́ńbà yẹn máa ń rú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra ìbọn lójú. Bí ẹ bá yọ́ òjé tó wọn páùn kan, tí ẹ sì fi ṣe bọ́ọ̀lù méjìlá tó dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á ṣe géérégé pẹ̀lú ihò ẹnu ìbọn náà. Ìdí nìyẹn tí ẹnu 16 fi kéré sí 12, tí 20 sì tún kéré sí 16. Ọmọ ọdẹ tí ara rẹ̀ kò tíì gbó, tàbí ìyá tó fẹ́ máa lé ẹyẹ kúrò lóko rẹ̀, 20 á ṣe é lóore ju 12 lọ, bí ó bá lè rí kátíríìjì rẹ̀ rà déédéé. Ìyẹn gan-an ni ìṣòro: 12 ni gbogbo ọjà ń tà.

Ẹlẹ́nu kan, irú Baikal tó ń ti Rọ́ṣíà wá, kò ní ẹwà kankan. Igi ìdí rẹ̀ le, irin rẹ̀ dúdú, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé kò ní àṣírí. Ẹ tẹ irin kékeré rẹ̀, ó ṣẹ́ sí méjì, ẹ rí ihò rẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Bí ẹ bá fẹ́ gun ọ̀kadà, bí ẹ bá fẹ́ sọdá odò, bí ẹ bá fẹ́ fo igi tó wó dí ọ̀nà, ẹ ṣẹ́ ẹ, ẹ yọ kátíríìjì, ẹni tó wà lẹ́yìn yín á sì rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ pé ìbọn yín ṣófo. Mi ò mọ ìbọn mìíràn tó ń fi ọkàn alábàárìn ẹni balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n á ní ẹyọ kan ló ní. Bẹ́ẹ̀ ni, oore rẹ̀ sì nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wo òru. Iná orí yín bá ojú kan pàdé ní ogún mítà, ó ń tàn yòò. Ẹtu ni? Ọmọ màlúù darandaran tó yapa ni? Ajá ọdẹ ẹlòmíràn ni? Ẹni tó mọ̀ pé ẹyọ kan lòun ní á dúró. Á jẹ́ kó gbé orí, á wo àlàfo àárín ojú méjèèjì, á wo bí ojú náà ṣe ga sílẹ̀ tó, á wá ọrùn, á wá ẹsẹ̀, kó tó fi ìka kan tírígà. Ẹni tó yìnbọn sí ojú tó ń tàn lásán kò ṣọdẹ, tẹ́tẹ́ ló ta. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí wọ́n ń gbé wá síwájú Olúọdẹ, tí wọ́n ń gbé dé àgọ́ ọlọ́pàá, ojú tó tàn ló bí i.

Ẹlẹ́nu méjì ti níyì jù ú lọ, kò sí àní-àní. Òmíràn wà tí ẹnu rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, òmíràn wà tí ọ̀kan gun èkejì. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà ọdẹ wa, ó sábà máa ń ní tírígà méjì, ti iwájú fún ẹnu ọ̀tún, ti ẹ̀yìn fún ẹnu òsì. Ẹnu méjèèjì kì í sì í dọ́gba: wọ́n máa ń fún ẹnu òsì mọ́ra ju ti ọ̀tún lọ kí ọta rẹ̀ lè ṣù pọ̀ dé òkèèrè. Ẹ̀bùn tó wà nínú rẹ̀ nìyí. Àwọn tó rò pé àǹfààní ẹlẹ́nu méjì ni pé ó ń dún lẹ́ẹ̀mejì kò tíì mọ̀ ọ́n lò. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ lè ki ọta wẹ́wẹ́ sí ọ̀tún fún awó tó bá fò lójijì, kí ẹ ki ọta ńlá sí òsì fún àgbọ̀nrín, kí ìka yín sì yan èyí tó bá yẹ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ewu rẹ̀ wà lẹ́yìn tí ẹran bá ti ṣubú. Ọdẹ yin ọ̀tún, ọ̀yà yí gbirigbiri, inú rẹ̀ dùn, ó sáré lọ gbé e pẹ̀lú òsì tó ṣì kún, tí òòlù rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn. Ó fi ẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò. Ẹ̀yin náà ẹ parí ìtàn náà. Ẹni tó bá máa ra ẹlẹ́nu méjì gbọ́dọ̀ kọ́ ara rẹ̀ láti ṣẹ́ ẹ kó tó gbé ẹsẹ̀ kan sí ọ̀nà ẹran. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó dúró sórí ẹlẹ́nu kan.

Àlòkù ẹlẹ́nu méjì ló pọ̀ jù lọ́jà, torí tuntun rẹ̀ wọ́n gan-an. Bí wọ́n bá gbé ọ̀kan wá bá yín, ẹ bọ́ ẹnu rẹ̀ kúrò lára ìdí, ẹ fi ìka kan ṣoṣo gbé e rọ̀, kí ẹ fi èékánná tàbí igi kékeré ta á. Tó bá dún gbọnrangandan bí agogo, ó pé. Tó bá dún pákí, ibi tí wọ́n ti jó ẹnu méjèèjì pọ̀ ti ń ṣí. Ẹ tún un so pọ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n nítòsí etí yín láìsí ọta nínú rẹ̀: kò gbọdọ̀ mì. Èyí tí irin ẹnu rẹ̀ bá ní àwọ̀ tó ń lọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ yí ká, irin àtijọ́ nìyẹn, láti ìgbà ẹ̀tù dúdú. Ẹ má fi kátíríìjì òde òní sí i láéláé. Ẹ gbé e kọ́ ògiri, bó bá jẹ́ ti bàbá yín.

Kátíríìjì

Mi ò ní pẹ́ níbí. Orúkọ tí wọ́n fi ń mọ bí ọta inú kátíríìjì ṣe tóbi tó ni SSG, BB àti nọ́ńbà 4: SSG ní ọta bíi ogún nínú kátíríìjì kan, BB ní bíi ọgọ́rin, nọ́ńbà 4 sì tó bíi igba. Àgbọ̀nrín gba SSG. Ẹtu gba BB. Awó, àparò àti ehoro, nọ́ńbà 4 ti tó wọn. Fún ọ̀yà, àwọn kan ń lo BB, èmi fẹ́ràn nọ́ńbà 4 nítòsí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá máa jẹ ẹran náà gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ ṣa ọta kúrò, nítorí eyín àti nítorí òjé.

Ẹ wo ìyàtọ̀ wọn bí wọ́n bá tàsé. Nọ́ńbà 4 kì í rìn tó 300 mítà kó tó bọ́ sílẹ̀. SSG lè lọ tó 500 mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbọn kan náà ni, ẹni kan náà ló yìn ín, kátíríìjì nìkan ló yàtọ̀, ewu rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Nítòsí àbà, mi ò ní ki SSG, kódà bí àgbọ̀nrín bá ń jó níwájú mi.

Onílífà

Pápá ìyìnbọn tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ gùn gbọọrọ. Wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ jọ gègèrè sí ẹ̀yìn gbogbo àmì, ó ga ju ènìyàn lọ dáadáa, kí ọta má baà rí ibì kankan gbà kọjá. Gbogbo èèyàn ló fi nǹkan dí etí, ẹni tí kò ní ra tiẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò fi ìyẹn ṣeré, torí ìró ìbọn kọjá 140 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó láti ba etí jẹ́. (Mo rántí iye àgbà ọdẹ tí a ń pariwo mọ́ kí wọ́n tó gbọ́ wa nílé. A máa ń ní ọjọ́ ogbó ni. Ọjọ́ ogbó nìkan kọ́.) Ọkùnrin kan ló ń darí ibẹ̀. Bó bá ti ké pé kí ìbọn dákẹ́, oníkálukú á ṣí ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, á sún sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun títí àwọn tó lọ pààrọ̀ páálí á fi padà dé.

"Dádì Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ rọra o," ọmọ náà ní, "ẹ jẹ́ kí ìka yín wà nínú òrùka lífà, ẹ má fi kan tírígà nígbà tí ẹ bá ń gbé e sókè."

Marlin 336 ni, ẹ̀yà tó ń lo ọta tí wọ́n ń pè ní .30-30. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ la ti ń ki ọta lọ́kọ̀ọ̀kan sínú túùbù tó wà lábẹ́ ẹnu rẹ̀, mẹ́fà sì ni túùbù náà ń gbà. Ẹ fa lífà wálẹ̀: irin inú rẹ̀ sún sẹ́yìn, ó ju èèpo ọta tó ti dún dànù sí ẹ̀gbẹ́, ó ti òòlù sẹ́yìn, ọta tuntun sì gùn sókè láti ìsàlẹ̀. Ẹ dá lífà padà: ọta náà wọ ilé rẹ̀, ìbọn ti ṣe tán. Krákà, krákà. Bí ẹ bá ń rọra fà á bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ, á há. Agbára ló fẹ́, ẹ fà á dópin, ẹ dá a padà dópin.

Kò gbá mi léjìká tó ẹlẹ́nu kan wa nílé, ìyẹn sì yà mí lẹ́nu. Ọta tí mo kọ́kọ́ yìn ṣù sí apá òsì àmì ní 50 yáàdì. Inú mi dùn pé wọ́n ṣù, torí ìbọn tó ń ju ọta sí ojú kan náà kì í ṣòro tún ṣe: apá ibi tí ẹ bá fẹ́ kí ọta sún sí ni kí ẹ sún irin ìfojúsùn ẹ̀yìn sí. Wọ́n fi òòlù kékeré gbá a sí ọ̀tún díẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ìbọn tó bá ń fọ́n ọta káàkiri ló yẹ kó kó ìdààmú bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí gbogbo ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ mọ̀. Nínú túùbù yẹn, imú ọta kan ló ń kan ìdí èyí tó wà níwájú rẹ̀, ìdí yẹn sì ni ibi tí iná ti ń ràn. Ọta ẹlẹ́nu ṣóńṣó lè gbá a kí ó dún nínú túùbù. Ìdí nìyẹn tí ọta rẹ̀ fi máa ń ní imú pẹrẹsẹ, ẹ má sì fi òmíràn dípò rẹ̀ nítorí pé ó dínwó, àyàfi tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é bá ti kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ó wà fún onítúùbù. Èkejì ni pé kò ṣeé wò bí ẹlẹ́nu kan. Òfo rẹ̀ kì í hàn. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣí lífà, kí ẹ fojú wo inú rẹ̀, kí ẹ tún fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà tí ẹ sì fẹ́ ra ọ̀kan níbi tí òfin ti gbà yín láàyè, orúkọ mẹ́ta lẹ máa gbọ́. Henry ti ọdún 1860 ni bàbá wọn, ó ń gba ọta mẹ́rìndínlógún nígbà tí àwọn mìíràn ṣì ń ki ìbọn láti ẹnu. Winchester ló sọ irú rẹ̀ di gbajúmọ̀ káàkiri ayé: ti ọdún 1873, lẹ́yìn náà èyí tí John Browning ṣe, tó jáde ní 1894, tí wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù méje lọ. Marlin 336 jáde ní 1948, ilé-iṣẹ́ Ruger ló ń ṣe é báyìí lẹ́yìn tí wọ́n ra orúkọ náà ní 2020. Winchester 1894 fúyẹ́, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dùn ún gbé rìn nínú igbó, ṣùgbọ́n òkè orí rẹ̀ ni àwọn ti àtijọ́ ń ju èèpo ọta sí, kò sì rọrùn láti de awò tó ń fa òkèèrè mọ́ra sí i. Marlin ń jù ú sí ẹ̀gbẹ́, orí rẹ̀ tẹ́, ó gba awò. Ti Henry òde òní ló dára jù ní wíwò, ẹnu túùbù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń gba ọta, ó pẹ́ díẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti tú ọta rẹ̀ jáde láìyìn ín. Èmi á mú Marlin, torí ojú mi kò dà bíi ti àtijọ́ mọ́, awò ni mo fẹ́. Ẹni tí kò yìnbọn rí, kó kọ́kọ́ ra .22, èyí tí ọta rẹ̀ kéré gan-an. Ọta rẹ̀ kò wọ́n, kò gbáni, ó sì ń kọ́ni ní ohun gbogbo tí .30-30 máa bèèrè lọ́wọ́ ẹni. Kó má kàn rò pé nítorí pé ó kéré, ọmọdé ni: ọta .22 lè kọjá kìlómítà kan àbọ̀.

Ṣé a lè gbé e wálé?

Ìbéèrè tí gbogbo fídíò wọ̀nyẹn ń bi mí nìyí. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 ṣì lágbára ní Nàìjíríà, ó sì pín ìbọn sí ìpele mẹ́ta. Ṣakabùlà àti gbogbo èyí tí a ń kì láti ẹnu wà ní ìpele kẹta. Ẹlẹ́nu kan àti ẹlẹ́nu méjì, tí òyìnbó ń pè ní ṣọ́ọ̀tígáànù, wà ní ìpele kejì, pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Òfin náà yọ ṣọ́ọ̀tígáànù èyíkéyìí tó bá ní ẹ̀rọ èyíkéyìí tó ń ki ọta mìíràn wọlé kúrò nínú ìpele kejì, wọ́n sì dárúkọ pọ́ǹpù-áṣọ̀n, èyí tí a ń fa ọwọ́ abẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn síwájú kí ọta mìíràn lè wọlé, sínú àwọn tí a kà léèwọ̀. Ṣọ́ọ̀tígáànù onílífà tí wọ́n ń polówó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kò lè bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Ní ti ráífù ọdẹ, irú Marlin yẹn tó ń yin ọta ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, òfin gbà á ní ìpele kejì, àyàfi ìwọ̀n ti ológun, ó sì dárúkọ 7.62 mm, 9 mm àti .300. Ìwọ̀n .30-30 súnmọ́ ibẹ̀ débi pé mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó lọ bá ọlọ́pàá jiyàn rẹ̀. Ẹ má sì tú u palẹ̀ sínú kọ̀ǹténà àárín aṣọ òkìrìkà. Ẹ̀wọ̀n lẹ ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé yín yẹn.

Ìwé àṣẹ náà ní àwọn tí kò tọ́ sí: ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún. Mo fẹ́ kí àwọn àgbà ọdẹ wa máa ka ti ọ̀mùtí yẹn sókè nílé ẹmu.

Ṣùgbọ́n kódà bí òfin bá gbà á, igbó wa kò gbà á. Ọta .30-30 ń jáde lẹ́nu ìbọn ní nǹkan bíi 700 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì lè kọjá kìlómítà méjì. Ní pápá Texas yẹn, òkìtì iyẹ̀pẹ̀ ló ń gbà á. Ilẹ̀ wa tẹ́, koríko àti igi díẹ̀díẹ̀ ni. Sọ̀ún Ògúnlọlá tó tẹ ìlú yìí dó, ọdẹ ni, nígbà ayé rẹ̀ àwọn ọdẹ mélòó kan péré ló wà nítòsí rẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá gbé ẹnu ráífù sókè díẹ̀ lẹ́yìn LAUTECH, orí òrùlé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ni ọta rẹ̀ lè bọ́ sí. Bákan náà, ẹran tí à ń pa kò jìnnà sí wa: lóru ní ogún tàbí ọgbọ̀n mítà, lọ́sàn-án lẹ́yìn iná ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀yà tó ń sá fún ajá. Kí ni ẹ fẹ́ fi ọta tó ń lọ sí ìlú kejì ṣe? Àwọn ẹran ńlá tó tó ráífù, bí ẹfọ̀n, inú Old Oyo National Park ni wọ́n kù sí, ọ̀gbà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1991, tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, tí oríléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́. Ọdẹ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ọdẹ nílé, ẹlẹ́nu kan. Ẹni tó ti dẹ ẹ́ pẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ṣíṣẹ́ ìbọn kó tó rìn, ẹlẹ́nu méjì, tuntun tàbí àlòkù tó dún bó ṣe yẹ. Ṣakabùlà fún òde. Onílífà fún ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ní pápá tó ní òkìtì lẹ́yìn.

Dídán tuntun wò nílé

A ò ní pápá ìyìnbọn bíi tiwọn, ṣùgbọ́n a ní òkìtì-ọ̀gán. Ẹ wá èyí tó ga ju ènìyàn lọ, tí kò sí ọ̀nà tàbí oko ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má lo àpáta. Àpáta á ta ọta padà sí yín. Ẹ sọ fún baálẹ̀ àbà àti Olúọdẹ kí ẹ tó yìn, torí láyé tí a wà yìí, ìró ìbọn tí kò nídìí á pe Àmọ̀tẹ́kùn wá bá yín. Ẹ fi àkísà nu òróró tuntun kúrò nínú ẹnu rẹ̀. Ẹ tú páálí ńlá, irú èyí tí wọ́n fi ń kó fíríìjì, ẹ fi ẹ̀dú ya òbírí tó fẹ̀ tó 75 sẹ̀ǹtímítà sí i, kí ẹ sì fi àmì kékeré sí àárín rẹ̀.

Ẹ dúró ní ogún ìṣísẹ̀, ẹ yìn ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ pààrọ̀ páálí, ẹ lọ sí ọgbọ̀n, lẹ́yìn náà ogójì. Iye ihò tó wà nínú òbírí nìkan kọ́ ni kí ẹ kà. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lé àwọn àyè tó ṣófo. Ibi tí àyè tó lè gba odindi ọ̀yà bá ti ń yọ láàárín ọta, ibẹ̀ ni òpin ìbọn yín, ohunkóhun tí ẹni tó tà á bá wí. Bí ọta bá ṣù sí ẹ̀gbẹ́ àmì lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ìdí igi rẹ̀ ni kò bá èjìká yín mu, káfíńtà tó mọṣẹ́ lè fá a díẹ̀. Ẹ ka ìṣísẹ̀ tó jẹ́ òpin yẹn, ẹ fi ọ̀bẹ fín in sí igi ìdí ìbọn níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ń bà lé. Bí ẹ bá wá yí kátíríìjì padà, ẹ tún un dán wò látìbẹ̀rẹ̀, torí BB ilé-iṣẹ́ kan kì í ṣù bíi ti òmíràn nínú ìbọn kan náà.